Ta Ló Ń Kó Ọmọ Ẹja Yín Jẹ? Bí A Ṣe Ń Lé Ọmọ Lámilámi, Eṣúṣú àti Ìṣáwùrú Kúrò Nínú Táǹkì Àrọ̀

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ìbéèrè kan náà: “Ẹ̀gbọ́n, ẹgbàá ọmọ ẹja ni mo kó sínú táǹkì. Nígbà tí mo kà wọ́n lọ́sẹ̀ kẹta, wọn ò pé 900. Mi ò rí òkú ẹja kan ṣoṣo lójú omi. Ta ló jí wọn?” Ẹni tó pè mí láti Odogunyan, ní Ìkòròdú níbí, ti lé ọmọ tó ń bá a ṣọ́ oko lọ. Ẹni tó pè láti Ìgbógbó ní àwọn ará ilé òun ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Mo ní kí àwọn méjèèjì mú tọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n lọ wo ìdí táǹkì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Olè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní.

Ẹni tó ń tọ́ àrọ̀ láti kékeré títí tó fi tó ìka ọwọ́ ni mo kọ èyí fún, ì báà jẹ́ nínú táǹkì sìmẹ́ńtì, nínú tapólín tàbí nínú kòtò ilẹ̀. Tí ẹja yín bá ti gùn ju ìka ọwọ́ àgbàlagbà lọ, ẹ fò lọ síbi tí mo ti sọ̀rọ̀ eṣúṣú àti ìṣáwùrú. Ní ti àwọn kòkòrò yòókù, ẹja tó ti tó bẹ́ẹ̀ ló máa ń jẹ wọ́n.

## Ẹ kọ́kọ́ dá olè mọ̀

Ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ẹ ṣe nǹkan mẹ́rin yìí ná:

1. Lálẹ́, nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti dákẹ́, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tan ìdí táǹkì, pàápàá jù lọ àwọn igun àti ibi tí èérí kó jọ sí.
2. Ẹ fi àwọ̀n kékeré wọ́ ìsàlẹ̀ omi, kí ẹ da ohun tó bá gbé jáde sínú abọ́ funfun tí omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Abọ́ funfun ni mo sọ o. Àwọ̀ ẹrẹ̀ ni àwọn kòkòrò yìí ní, nínú abọ́ dúdú ẹ ó wò wọ́n títí ẹ ò ní rí wọn.
3. Láàárọ̀, ẹ wo ògiri táǹkì lókè ojú omi. Bí ẹ bá rí awọ gbígbẹ kan tó lẹ̀ mọ́ ọn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ là gbọọrọ bí ẹ̀wù tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, lámilámi ti jáde níbẹ̀ fò lọ. Ẹ̀yin lẹ bọ́ ọ dàgbà.
4. Ẹ wo ẹja tó kù. Bí díẹ̀ nínú wọn bá tóbi ní ìlọ́po méjì àwọn yòókù, tí ikùn wọn rí rogodo, tí ìrù àwọn kéékèèké sì já, àwọn tí a ń pè ní ṣúútà ló ń jẹ ẹgbẹ́ wọn. Ẹ ṣa wọ́n kúrò. Bí ẹsẹ̀ ẹyẹ tàbí ìgbẹ́ ẹyẹ bá wà létí táǹkì, ẹyẹ ni. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú méjèèjì, kòkòrò ni kí ẹ fura sí.

Àwọn tí ẹ máa bá nínú abọ́ funfun yẹn nìyí.

Ọmọ lámilámi. Òun ni ọ̀daràn àgbà. Ó kúrú, ó sanra díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fà, ojú rẹ̀ tóbi, ó sì máa ń jókòó sínú èérí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Apá kan wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ tó ká mọ́ àyà. Bí ọmọ ẹja bá kọjá níwájú rẹ̀, á na apá náà jáde wàì, á fi èékánná méjì tó wà lórí rẹ̀ gbá a mú, á sì fà á wá sẹ́nu. Bí ẹ bá ṣẹ́jú lásán, ẹ ò ní rí i. Inú ìdí rẹ̀ ló ti ń mí: á fa omi wọlé láti ẹ̀yìn, á yọ afẹ́fẹ́ inú omi náà lò, á sì tú u jáde. Bí ẹ bá dẹ́rù bà á, á tú omi náà jáde kíkankíkan, ìyẹn á sì tì í síwájú bí ọta ìbọn.

Kòkòrò tó ń dọ̀bálẹ̀ sókè. Ó kéré, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń lúwẹ̀ẹ́, ikùn rẹ̀ ń wo òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn méjì ń wa omi bí àjẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ lásán gbá a mú, ó ń ta bí agbọ́n.

Kòkòrò dúdú elẹ́yìn líle àti ọmọ rẹ̀. Èyí tó ti dàgbà dà bí yínmíyínmí tó ń wẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló burú jù: ó gùn, ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé méjì tó kọjú síra. Á gún ẹja, á fa inú rẹ̀ mu, á wá fi awọ ẹja sílẹ̀ bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n ti mu tán.

Kòkòrò ńlá tó ń fò lọ bá iná. Ó tó ìka àtàǹpàkò tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fẹ̀ pẹrẹsẹ bí ewé gbígbẹ. Alẹ́ ló ń fò wá.

Mo fẹ́ kí ẹ di ọ̀rọ̀ mímí yìí mú, nítorí òun ló pín àwọn olè náà sí ọ̀nà méjì. Yàtọ̀ sí ọmọ lámilámi, gbogbo àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ wá sójú omi kí wọ́n tó rí afẹ́fẹ́ mí. Ọmọ lámilámi kì í wá. Ohun tí ẹ bá dà sójú omi á pa àwọn yòókù, kò ní í ṣe ọmọ lámilámi ní nǹkan kan. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò owó: wọ́n á da òróró, wọ́n á rí òkú kòkòrò tó léfòó, inú wọn á dùn, wọ́n á kó ẹja sínú rẹ̀, olórí àwọn olè ṣì jókòó sísàlẹ̀.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Tọ́ọ̀ṣì, abọ́ funfun, àwọ̀n kékeré olówọ́
- Bàtà rọ́bà gígùn àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà
- Àwọ̀n ẹ̀fọn tó lè bo ojú táǹkì
- Aṣọ funfun tí ihò ojú rẹ̀ kéré púpọ̀, láti fi sẹ́ omi
- Láìmù gbígbóná, ìyẹn quicklime, kì í ṣe ọsàn láìmù o
- Iyọ̀ lásán, òróró ẹ̀pà, ọṣẹ ìfọṣọ
- Bébà tí wọ́n fi ń dán pH wò, ìyẹn bí kíkan omi ṣe pọ̀ tó
- Ìwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù. Èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò dára, kò wọ́n púpọ̀ ní ọjà Sábó

## Kí omi tó wọ táǹkì

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá ṣe abala yìí dáadáa lè má nílò èyí tó kù.

1. Ẹ fa omi tó kù jáde pátápátá. Kí ó má ku ẹrẹ̀ rírọ̀ ní igun. Ọmọ lámilámi lè sá pamọ́ sínú ẹrẹ̀ tútù fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, sábẹ́ búlọ́ọ̀kù tàbí sínú ibi tí sìmẹ́ńtì ti sán.
2. Ẹ ha gbogbo èérí àti ewé kúrò, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ògiri. Ẹyin ìṣáwùrú máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ikun tó mọ́ gaara. Omi lásán kì í ṣí i, àfi kí ẹ ha á.
3. Ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á. Táǹkì sìmẹ́ńtì, ọjọ́ 3 sí 5. Kòtò ilẹ̀, títí ilẹ̀ rẹ̀ á fi sán. Lákòókò òjò, ìyẹn kì í rọrùn ní Ìkòròdú. Bí kò bá gbẹ, ẹ má fi láìmù ṣeré.
4. Ẹ fi láìmù gbígbóná sí i nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù díẹ̀. Gíráàmù 100 sí 200 fún mítà kan níbùú lóròó. Táǹkì tó jẹ́ mítà 4 sí mítà 3 jẹ́ 12, nítorí náà kílò 1.2 sí kílò 2.4. Fún táǹkì sìmẹ́ńtì, ẹ pò ó mọ́ omi bí ọ̀dà, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún dé ògiri. Fún kòtò ilẹ̀, ẹ fọ́n ọn, kí ẹ má gbàgbé ihò akàn tó wà lára bèbè.
5. Ẹ fi táǹkì sìmẹ́ńtì sílẹ̀ fún ọjọ́ 2 tàbí 3, kí ẹ wá fọ̀ ọ́ nù dáadáa. Ní kòtò ilẹ̀, ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí agbára rẹ̀ tó rọlẹ̀.
6. Ẹ dán omi àkọ́kọ́ wò. Bí pH bá ju 8.5 lọ, ẹ tú u dànù, kí ẹ tún un rọ.

*Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé láìmù tí wọ́n tà fún yín gbóná?* Ẹ fi síbí kan sínú agolo onírin, kí ẹ bu omi díẹ̀ lé e. Gbígbóná á hó, á ru, agolo á sì gbóná lọ́wọ́. Èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń dà sóko láti fi mú kíkan ilẹ̀ dínkù kò ní ṣe nǹkan kan. Á dákẹ́ bí ìyẹ̀fun. Ìyẹn kì í pa kòkòrò. Mo ti rí ẹni tó ra àpò mẹ́ta rẹ̀, tó sì ń bá láìmù jà.

Ìkìlọ̀: láìmù gbígbóná ń jó awọ ara, ó sì lè fọ́ ojú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ di imú, ẹ bo ojú, kí ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ láti ẹ̀yìn yín. Ẹ má ṣe é nígbà tí ọmọdé wà nítòsí. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ síbi tí òjò ti ń jò.

## Bí a ṣe ń rọ omi

1. Ẹ di aṣọ funfun olójú kéékèèké yẹn mọ́ ẹnu páìpù kí omi máa gbabẹ̀ kọjá. Bóhòòlù ni ẹ̀ ń lò? Ẹ di í náà. Inú táǹkì òkè tí kò ní ìdérí ni tàǹwíjí àti ẹyin kòkòrò ti ń wá. Fún ọmọ ẹja tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tín-ín-tìn-ìn-tín kan tún wà tó ń fò tín-ín tín-ín nínú omi, tí wọ́n lè jẹ ìyẹ́ ọmọ ẹja títí yóò fi kú. Aṣọ yìí ló ń dá àwọn náà dúró.
2. Bí ẹ bá rọ omi tán lónìí, ẹ bò ó lónìí. Kí àwọ̀n ẹ̀fọn ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan sí ojú omi, nítorí bí ó bá fara kan omi, lámilámi á ti ìta ti ìdí bọ ihò àwọ̀n, á yé ẹyin rẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ.
3. Ẹ má jẹ́ kí omi dúró láìsí ẹja ju ọjọ́ 2 tàbí 3 lọ. Ní kòtò ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ kí omi rẹ̀ kọ́kọ́ di aláwọ̀ ewé, kó má ju ọjọ́ 5 lọ.

Ojú mi ló rí ìkẹta yẹn. Lọ́dún kan, mo rọ omi kún táǹkì lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tí mo fẹ́ ra ọmọ ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ ní kí n mú sùúrù di ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀tunla, ọ̀tunla di ọjọ́ kọkànlá. Omi ti dà bí ewé, tàǹwíjí ń jó nínú rẹ̀, mo sì ń dúpẹ́ pé oúnjẹ ti wà nílẹ̀ kí àlejò tó dé. Mo da 1,500 sínú rẹ̀. Ìgbà tí mo kà á lẹ́yìn ọjọ́ 20, 412 ló kù. Oúnjẹ wà nílẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ẹja mi gan-an ni oúnjẹ ọ̀hún. Láti ìgbà yẹn, mi ò kì í ṣí pọ́m̀pù àfi tí mo bá ti gbọ́ pé ọmọ ẹja ti wà nínú ọ̀rá.

4. Ẹ yọ gílóòbù tó wà lókè táǹkì. Iná yẹn ló ń pe kòkòrò ńlá wá láti inú irà. Bí ẹ bá nílò iná nítorí olè ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹ gbé e jìnnà, kí ó máa tan sí ẹnu ọ̀nà.
5. Ojú oró ló ń lékè omi, òṣíbàtà ló ń lékè odò: àdúrà wa ni, àmín. Ṣùgbọ́n nínú táǹkì ọmọ ẹja, kí ẹnikẹ́ni má lékè. Ara ewé omi ni àwọn kòkòrò kan ń yé ẹyin sí, abẹ́ rẹ̀ náà ni ìṣáwùrú ń sùn.

## Bí ẹ ṣe máa gba ọmọ ẹja wọlé

Ọ̀rá ẹni tó tà á fún yín lè gbé eṣúṣú, ìṣáwùrú àti ọmọ lámilámi wá. Ẹ má da omi rẹ̀ sínú táǹkì yín láéláé.

1. Ẹ fi ọ̀rá náà sójú omi fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 láìtú u, kí omi inú àti ti ìta lè lọ́ bákan náà.
2. Ẹ tú u, kí ẹ máa bu omi táǹkì sí i díẹ̀díẹ̀.
3. Ẹ gbé àwọ̀n rírọ̀ lé orí garawa òfìfo, kí ẹ da ẹja àti omi gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹja dúró sínú àwọ̀n, omi lọ sínú garawa.
4. Ẹ kó ẹja sínú abọ́ funfun ní ìdíwọ̀n kéékèèké, kí ẹ yọ ohun tí kì í ṣe ẹja, kí ẹ tó dà wọ́n sílé tuntun.
5. Omi inú garawa: orí iyanrìn gbígbẹ, nínú oòrùn. Kì í ṣe gọ́tà tó ń ṣàn lọ sí kòtò aládùúgbò.

## Omi ti pẹ́, kòkòrò ti wọ̀ ọ́, ẹja kò tíì dé

Èyí tó dára jù ni kí ẹ tú omi náà dànù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí epo jẹnẹrétọ̀ kò bá jẹ́ kí ìyẹn ṣeé ṣe, òróró àti ọṣẹ wà.

Ìwọ̀n rẹ̀ ni òróró bíi gíráàmù 5.6 àti ọṣẹ gíráàmù 1.8 fún mítà kan níbùú lóròó ojú omi. Ìjìnlẹ̀ omi kò kàn án, ojú rẹ̀ nìkan ni ẹ̀ ń bò. Fún táǹkì mítà 4 sí mítà 3:

1. Ẹ rẹ́ ọṣẹ ìfọṣọ bíi gíráàmù 22, ìyẹn nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ọṣẹ tó jẹ́ gíráàmù 200. Ẹ yọ́ ọ nínú omi gbígbóná lítà kan.
2. Ẹ bu òróró ẹ̀pà síbí ńlá 5 sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa lù ú bí ẹni lu ẹyin. Nígbà tó bá funfun bí omi ògì, tí òróró kò dá léfòó mọ́, ó ti jinná.
3. Ẹ pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi àti omi tó ń wọlé.
4. Ní ìrọ̀lẹ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́, ẹ wọ́n ọn yí ká. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, gbogbo rẹ̀ á kó sí igun kan, kòkòrò á máa mí ní igun kejì.
5. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó kéré tán wákàtí 12. Ẹ kó òkú wọn.
6. Ẹ rọ omi sí i títí yóò fi kún àkúnwọ́sílẹ̀, kí òróró ojú rẹ̀ bá a ṣàn lọ.
7. Wàyí o, ẹ padà sí abọ́ funfun àti tọ́ọ̀ṣì, nítorí ọmọ lámilámi ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wọ́ ìsàlẹ̀ fún alẹ́ 2 tàbí 3, kí ẹ tó ro ti ẹja.

Ẹ má ṣe èyí nígbà tí ẹja wà nínú omi. Àrọ̀ náà ń wá gbé afẹ́fẹ́ lókè. Ohun tó ń pa kòkòrò á pa á.

## Ẹja ti wà nínú rẹ̀ ńkọ́?

Mi ò mọ oògùn kankan tó máa mú ọmọ lámilámi kúrò tí yóò fi ọmọ ẹja sílẹ̀ lálàáfíà. Ọwọ́ ni.

1. Ẹ pèsè táǹkì tàbí tapólín kejì, omi mímọ́ tí ẹ sẹ́, tó lọ́ bákan náà.
2. Ẹ má fún ẹja lóúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà.
3. Ẹ fa omi sílẹ̀ títí yóò fi kù sí ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ di àwọ̀n mọ́ ẹnu rọ́bà tó ń fà á, kí ọmọ ẹja má bá a lọ.
4. Ẹ fi àwọ̀n rírọ̀ kó wọn sínú abọ́ funfun, ìwọ̀nba lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣa kòkòrò jáde, kí ẹ sì ya àwọn ṣúútà sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ méjì, wàhálà kan.
5. Ẹ ṣe é ní àárọ̀ kùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán gangan á pa yín, á pa ẹja.
6. Ẹ padà sí táǹkì òfìfo, kí ẹ ṣe é láti orí gbígbẹ àti láìmù.

Ẹni Odogunyan tí mo sọ lókè ṣe èyí. Ọmọ lámilámi 67 ló bọ́ sínú abọ́ rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe ọmọ tó lé lọ pé kó máa bọ̀. Ọmọ ní òun ti ríṣẹ́ síbòmíràn, owó ibẹ̀ sì pọ̀ ju tirẹ̀ lọ.

Bí kò bá sí táǹkì kejì, ẹ di ìdìpọ̀ imọ̀ gbígbẹ bíi mélòó kan, kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí igun. Ọmọ lámilámi fẹ́ràn ibi tí wọ́n lè dì mú. Ní ìdájí, ẹ gbé e jáde lójijì sórí abọ́ funfun kí ẹ gbọ̀n ọ́n. Ọmọ ẹja díẹ̀ máa bá a jáde, ẹ dá wọn padà. Ẹ ṣe é lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ fi àwọ̀n bo táǹkì kí tuntun má wọlé. Kò yá, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

## Eṣúṣú

Ẹ ó bá a lára ẹja, lẹ́nu, ní abẹ́ ìyẹ́ tàbí níbi tó fi ń mí. Ẹja náà á máa fi ara ha ògiri, ojú pupa á wà níbi tí wọ́n ti mu ún. Ẹ má fi ọwọ́ fà á tu. Awọ ẹja á bá a lọ.

1. Ẹ wọn iyọ̀: gíráàmù 10 sí lítà omi kan. Fún garawa tí ẹ bu lítà 10 sí, gíráàmù 100.
2. Ẹ yọ́ iyọ̀ tán pátápátá kí ẹja tó wọ̀ ọ́.
3. Ẹja 5 péré ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò. Ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ẹ má kúrò nídìí rẹ̀, ẹ má gbé fóònù.
4. Bí ẹja bá dojú dé tàbí tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ gbé e padà sómi mímọ́ lójú ẹsẹ̀.
5. Bí àwọn 5 náà bá ń jẹun lọ́jọ́ kejì, ẹ wẹ àwọn yòókù. Fún ẹja tó ti tó ìka ọwọ́, tí eṣúṣú kò bá jábọ́, ẹ lè gbé e dé gíráàmù 20.
6. Omi iyọ̀ náà, tòun ti eṣúṣú tó jábọ́, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ dà á sí, jìnnà sí ẹ̀fọ́ yín.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé kí àwọn kúkú da iyọ̀ sínú táǹkì lódindi. Ẹ ṣírò rẹ̀: táǹkì mítà 4 sí 3, omi mítà kan, lítà 12,000 ni. Iyọ̀ kílò 120. Ẹ ò sì ní lè dúró síbẹ̀ fa ẹja jáde ní ìṣẹ́jú kẹwàá.

Fún eṣúṣú tó wà nínú táǹkì fúnra rẹ̀, ẹ lu ihò kéékèèké sára agolo tó ní ìdérí, kí ihò náà má gba ẹja. Ẹ fi ẹ̀dọ̀ ẹran sínú rẹ̀, kí ẹ so ó sí ìsàlẹ̀ lálẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ fà á sókè, ẹ da inú rẹ̀ sínú iyọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

## Ìṣáwùrú

Kì í jẹ ẹja. Ohun tó ń gbé kiri ni ìṣòro: àwọn kòkòrò inú ara kan máa ń gba ara rẹ̀ wọ ẹja, wọ́n sì ń ti ara ẹja wọ ẹyẹ. Èyí tó kan ẹ̀yin alára ni àtọ̀sí ajá. Àwọn ìṣáwùrú omi kan ló ń tú kòkòrò rẹ̀ sómi, pàápàá lọ́sàn-án, kòkòrò náà á sì gba awọ ẹsẹ̀ wọlé. Ẹ wọ bàtà rọ́bà gígùn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ̀ sínú kòtò tàbí sétí rẹ̀. Bí ìtọ̀ ẹnikẹ́ni lóko bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, kó lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, wọ́n á sì wọn ènìyàn kí wọ́n tó fún un.

Láti kó wọn: ẹ ju ewé ìbẹ́pẹ tàbí èèpo bàrà olómi sínú omi nírọ̀lẹ́, kí ẹ gbé e jáde láàárọ̀ tòun ti àwọn tó lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá fa kòtò gbẹ, ẹ da pẹ́pẹ́yẹ sínú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Mi ò tíì rí òṣìṣẹ́ tó ń ṣa ìṣáwùrú tó pẹ́pẹ́yẹ, kì í sì í béèrè owó ọkọ̀.

## Ohun tí ẹ kò gbọ̀dọ̀ dà sínú omi

- Gàmálìn àti ọ̀tà-pìà-pìà, àwọn oògùn apakòkòrò. Wọ́n á pa kòkòrò, wọ́n á pa ẹja, ẹni tó bá jẹ ẹja náà sì wà nínú ewu. Kò sí ìwọ̀n kékeré kan tó dáa.
- Kẹrosíìnì tàbí dísùl. Wọ́n ń bo ojú omi bí òróró, lóòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn wọn ń wọ ẹran ẹja, ẹni tó bá rà á á sì dá a padà bá yín.
- Búlúù tí wọ́n fi ń pa ìṣáwùrú, ìyẹn copper sulfate. Ẹ fi omi bóhòòlù yín fọ ọwọ́: bí ọṣẹ bá ń hó kíákíá, omi yín rọ̀. Nínú omi rírọ̀, ìwọ̀n tó ń pa ìṣáwùrú lè pa ẹja kó tó kan ìṣáwùrú.

## Àwọn ìbéèrè tó kù

Mo rí tàǹwíjí púpọ̀, ṣé kí n pa wọ́n? Rárá. Ọmọ ẹja tó ti ń jẹun ń jẹ wọ́n. Àmọ́ ó jẹ́ àmì pé àwọ̀n yín ní ihò. Ibi tí ẹ̀fọn gbà wọlé, kòkòrò mìíràn lè gbà á.

Ṣé kí n pa gbogbo lámilámi tó ń fò lókè? Ẹ ò lè pa wọ́n tán, ẹ̀fọn ni wọ́n sì ń jẹ lókè. Ẹ bo omi yín.

Ọ̀pọ̀lọ́ ńkọ́? Ẹ fi àwọ̀n kó ẹyin rẹ̀, tó gùn bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú nínú ikun, láàárọ̀ tí ẹ bá rí i. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ẹ ó máa ṣa ẹgbẹ̀rún ọmọ rẹ̀ láàárín ọmọ ẹja, wọ́n sì jọra ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ìgbà wo ni mo lè ká àwọ̀n kúrò? Nígbà tí èyí tó kéré jù nínú ẹja yín bá ti gùn tó ìka ìlábẹ̀. Èyí tó kéré jù ni mo wí, kì í ṣe èyí tó tóbi jù. Tí ẹ bá ń gbé wọn láti ibí yìí lọ sí Ẹ̀pẹ́ tàbí Àgbọ̀wá, ẹ bá ẹni tó ń gbà wọ́n sọ̀rọ̀ pé kí ó má da omi ọ̀rá yín sínú kòtò tirẹ̀.